Ìwé wo ni kí ọmọ JSS tí ìwé kíkà ń nira fún kọ́kọ́ mú? Ìfiwéra Fágúnwà, Òkédìjí, Akínlàdé, Ìṣọ̀lá àti àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì JSS 2 mi ní Ìbàdàn tó máa ń tọrọ àyè láti lọ tọ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí a bá ń kàwé sókè. Kì í tètè nawọ́. Yóò ka iye ọmọ tó wà níwájú rẹ̀, yóò ka iye ìpínrọ̀, bó bá wá ku ẹni méjì kó kàn án, ọwọ́ á lọ sókè: "Ẹ jọ̀ọ́ ma, mo fẹ́ lọ tọ̀." Ó pẹ́ kí n tó fura, torí pé orí ọmọ náà pé. Bó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, òun ló máa ń ròyìn bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá lópin ọ̀sẹ̀ fún gbogbo kíláàsì: ta ló gbá a, ta ló fi orí kàn án, ibi tí rẹfirí ti ṣojúsàájú. Ọmọ tó lè to ìtàn báyẹn lẹ́sẹẹsẹ kì í ṣe òpè. Ìwé tí a ń gbé síwájú rẹ̀ ni kò bá a lára mu.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń dán oríṣiríṣi ìwé ìtàn wò lọ́wọ́ àwọn ọmọ bíi tirẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá sí mẹ́rìnlá. Àwọn ìwé tí ará ìlú fẹ́ràn láti kà fún ìgbádùn ni mo ń lò. Àwọn òbí sì máa ń bi mí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé pé, "Àǹtí, èwo ni kí n rà fún un?" Àwọn ni mo kọ èyí fún, àwọn àti ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi.

Kí n sọ èrò mi kí a tó lọ jìnnà: ẹ má fi iyì ìwé yan ìwé fún ọmọ tó ń kọsẹ̀. Ìwé tí yóò mú kó fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ewé kejì ni kí ẹ mú, kó sì jẹ́ ní èdè tí etí rẹ̀ ti mọ̀ dáadáa.

Ohun tí mo máa ń wò kí n tó fi ìwé lé ọmọ lọ́wọ́

Mo máa ń ṣí ìwé náà sí àárín, nítorí ojú ewé àkọ́kọ́ lè tan ènìyàn. Ma ní kí ọmọ ka ojú ewé kan jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kó máa ká ìka kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí kò mọ̀. Bí ìka márààrún bá ká tán kó tó dé ìsàlẹ̀, ìwé yẹn ṣì le jù fún un láti dá kà. Ọgbọ́n tí àwọn tíṣà ti ń lò tipẹ́ ni, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń wo gígùn gbólóhùn. Ọmọ tó ń ka ọ̀rọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan máa ń gbàgbé orí gbólóhùn kó tó dé ìdí rẹ̀. Bí gbólóhùn bá gba ìlà márùn-ún, yóò ka gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ láìṣìṣe, kò sì ní mọ ohun tó kà. Ẹ lè rò pé kò fọkàn sí i, bẹ́ẹ̀ gbogbo agbára rẹ̀ ló ti ná sórí pípe ọ̀rọ̀.

Akọtọ́ náà tún wà ńbẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí kì í sì í rántí rẹ̀. Ọdún 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí akọtọ́ tí à ń lò báyìí. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, tàbí tí wọ́n kàn ń tún tẹ̀ láìyí i padà, ṣì ń kọ "nwọn", "aiye", "enia", "obirin". Àgbà á kà á kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ọmọ tó ń kọsẹ̀ á dúró síbi "nwọn", á máa wá ohun tí "n" ń ṣe níwájú "w", ìtàn á sì ti já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ojú mi báyìí ni ọmọbìnrin kan ti pe "aiye" ní "a-i-ye" lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbójú sókè wò mí, ó pa ìwé dé, kò sì ṣí i mọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó sanwó fún ìwé àlòkù ní Dùgbẹ̀ tàbí níbikíbi, ẹ ṣí i, kí ẹ wo bó ṣe kọ "wọ́n".

Fágúnwà àti Òkédìjí

Fágúnwà ni orúkọ tí òbí máa ń kọ́kọ́ dá, kò sì yà mí lẹ́nu. *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* jáde ní 1938, Wọlé Ṣóyínká sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Àkàrà-ògún wọ igbó, ó bá Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún wọ̀yá ìjà. Ọmọ wo ni kò ní fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Ẹ kíyè sí i pé "gbọ́" ni mo sọ. Fágúnwà ń kọ̀wé bí ẹni tó jókòó sáàárín agbo. Gbólóhùn á gùn, á lọ́, á ṣàpèjúwe ojú, imú, aṣọ àti ìrìn iwin kan títí tí a ó fi rí i kedere, á wá dúró díẹ̀ wàásù fún wa kó tó padà sẹ́nu ìtàn. Bí ẹlòmíì bá ń kà á sí wa létí, orin ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń fi ìka tọ ìlà á ti rẹ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀.

Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gba ọ̀nà mìíràn. *Àjà Ló Lẹrù* ti ọdún 1969 àti *Àgbàlagbà Akàn* ti ọdún 1971 jẹ́ ìtàn Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, tó sì ń lé àwọn ọ̀daràn kiri. Àwọn ènìyàn inú ìwé yìí ń sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń gbọ́ ọ ní gáréèjì: wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń dápàárá, wọ́n ń parọ́, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu pọ̀ nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìlà fi kúrú. Ohun kékeré ni lójú àwa tó ti mọ̀wé kà, ohun ńlá ni lójú ọmọ. Yóò rí ìlà tí kò ju ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ, yóò kà á tán, yóò bọ́ sí òmíràn. Kó tó mọ̀, ó ti ṣí ewé. Mo ti rí ọmọ tó ṣí ewé tó yí padà wo èyí tó kà tán, bíi pé kò dá a lójú pé òun ló kà á.

Òkédìjí náà ní ibi tó ti le. Ọ̀gá ni nídìí òwe àti àyípo ọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni ọmọ ọdún méjìlá kò ní gbọ́ yé. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kì í dá wọn dúró. Bí òwe kan bá ṣókùnkùn sí ọmọ, ó ṣì mọ̀ pé ọ̀daràn ti bọ́ sínú mọ́tò àti pé Lápàdé wà lẹ́yìn rẹ̀, á fo òwe náà, á sáré tẹ̀ lé wọn. Pẹ̀lú Fágúnwà, inú ọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn gan-an ni iwin náà wà. Bí ọmọ bá fò ó, kò sí iwin mọ́. Ibẹ̀ ni mo rò pé ìyàtọ̀ gidi wà láàárín àwọn méjèèjì, fún iṣẹ́ tí à ń sọ yìí.

Kí òbí sì mọ̀ pé ìjà, ìbọn àti ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn jàǹdùkú wà nínú Òkédìjí. Mo máa ń dúró dìgbà tí ọmọ bá dé JSS 2, mo sì máa ń ní kí òbí kọ́kọ́ kà á.

Bí ẹ bá lágbára láti ra méjèèjì, ẹ fi Òkédìjí sọ́wọ́ ọmọ, kí ẹ̀yin fúnra yín máa ka Fágúnwà fún un lálẹ́ nígbà tí iná bá lọ. Ọmọ tó bá ti gbọ́ Àkàrà-ògún lẹ́nu yín ní JSS 1 á fọwọ́ ara rẹ̀ mú un ní SS 1. Mo ti rí i lára ọmọ tó ju ẹyọ kan lọ.

Akínlàdé, fún ọmọ tí Yorùbá rẹ̀ kò jinlẹ̀

Kọ́lá Akínlàdé náà kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ṣùgbọ́n èdè tirẹ̀ rọ̀ ju ti Òkédìjí lọ. Kò fi bẹ́ẹ̀ dápàárá, kò fi bẹ́ẹ̀ yí ọ̀rọ̀ po. Ó ń to ẹ̀rí lé ẹ̀rí títí ọwọ́ fi tẹ ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi. Ẹni tó bá fẹ́ràn adùn èdè lè sọ pé ó tẹ́ díẹ̀, n kò ní bá a jiyàn. Fún ọmọ tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì tọ́ ní Èkó, tàbí tó ti London dé bá ìyá àgbà rẹ̀, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ mú, ṣáájú Òkédìjí.

Ẹ wo àkọlé *Ta Ló Gbé Ọmọ Ọba?* Ìbéèrè ni. Ọmọ ti ń wá ìdáhùn kó tó ṣí ìwé. Ohun tí a máa ń ṣe ní kíláàsì mi ni pé bí a bá ka orí kan tán, olúkúlùkù á kọ orúkọ ẹni tó fura sí sórí bébà kékeré, á ká a, á jù ú sínú agolo Bournvita tó wà lórí tábìlì mi. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, a ó kà wọ́n sókè. Ọmọ tó ní òun kò lè kàwé máa ń padà lọ yẹ ojú ewé wò láti fi hàn pé ẹni tí òun fura sí kò sí nílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Kíkàwé ló ń kà yẹn, kò kàn fún un lórúkọ bẹ́ẹ̀ ni.

Ìwé Ìṣọ̀lá méjì

Àwọn ọmọbìnrin ló sábà máa ń béèrè *Ó Le Kú* Akínwùmí Ìṣọ̀lá, torí pé àwọn ìyá wọn ti wo fíìmù tí Túndé Kèlání fi ṣe ní 1997. Ìwé náà jáde ní 1974. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ń wá ẹni tí yóò fi ṣe aya. Ó dùn, ó yára, ọkàn ọmọ á sì máa lù kìkì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú rẹ̀ ti àgbà ni, ìparí rẹ̀ sì bani nínú jẹ́. JSS 3 ni mo fi pààlà, mo sì máa ń rí i pé àgbà kan wà tí ọmọ lè bá sọ ọ́ lẹ́yìn tó bá kà á tán.

*Ogún Ọmọdé* kò ní ọ̀daràn, kò ní olólùfẹ́ tí wọ́n ń jà lé lórí. Ìgbà èwe ló dá lé: àwọn ọmọdé abúlé, oko, ilé ìwé, ìwà àṣejù tí àgbà ń tìtorí rẹ̀ nà wọ́n ní pàṣán. Ẹ̀rín pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ọmọ yín bá jẹ́ onítìjú tí ìbọn àti ìjà kò wù, ìwé tirẹ̀ rèé.

Àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì

Òbí kan á máa sọ pé, "Àǹtí, Yorùbá kọ́ ni yóò fi ṣe ìdánwò." Mo gbọ́ ohun tó ń dùn wọ́n. Ilé ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí máa ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń dé JSS tí wọn kò lè ka Yorùbá, tí Gẹ̀ẹ́sì náà kò sì já gaara lẹ́nu wọn. Ní ọdún 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún odidi ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ní tíṣà tó dá dúró fún Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tún ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Ojú tó bá ti mọ bí a ṣe ń sáré lórí ìlà Yorùbá kò ní pẹ́ sáré lórí ti Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà ni mo ṣe ń fi Yorùbá ṣáájú, tí Gẹ̀ẹ́sì á sì tẹ̀ lé e láìpẹ́.

Bó bá wá kan Gẹ̀ẹ́sì, *Chike and the River* tí Chinua Achebe kọ ní 1966 ni mo fẹ́ràn jù fún ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé tín-ín-rín ni. Ohun kan ṣoṣo ni ọmọ inú rẹ̀ ń fẹ́: kó rékọjá Odò Ọya láti Onitsha sí Asaba. Kò sì ní owó ọkọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ti fẹ́ lọ síbi tí wọn kò jẹ́ kó lọ rí mọ bí ó ṣe rí. *The Drummer Boy* Cyprian Ekwensi náà dára, nípa Akin, ọmọ afọ́jú tó ń lùlù. Orúkọ ọmọ náà nìkan máa ń mú kí àwọn ọmọ mi rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó pàdé ará ilé lọ́nà àjò. Ìtàn náà ń ṣí láti ibì kan sí ibòmíràn, ọmọ tó bá fẹ́ kí nǹkan dojú kọ ọ̀nà kan á fẹ́ràn Chike jù.

Lẹ́yìn náà ni Pacesetters, ọ̀wọ́ ìwé tí ilé ìtẹ̀wé Macmillan bẹ̀rẹ̀ ní 1977. Kí ló fà á tí mo fi ń fi wọ́n fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ń kàwé bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án? Ìtìjú. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní gbé ìwé tí àwòrán ewúrẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kódà bí ó bá jẹ́ ìwọ̀n rẹ̀ gan-an. Ìwé Pacesetters jọ ìwé àgbà, ó gba inú àpò, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì le. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe bákan náà. Òmíràn wà tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin inú rẹ̀ kò yẹ ọmọdé, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

*Diary of a Wimpy Kid* Jeff Kinney, tó jáde ní 2007, gbajúmọ̀ láàárín àwọn ọmọ ilé ìwé aládàáni. Àwòrán wà káàkiri, lẹ́tà rẹ̀ dà bí èyí tí ọmọ fi ọwọ́ kọ, ewé sì ń ṣí kíá. Ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì ti mọ́ lára lè kà á tán lọ́jọ́ méjì. Ní kíláàsì mi, ẹ̀fẹ̀ ilé ìwé Amẹ́ríkà inú rẹ̀ kò dé etí wọn. Wọ́n ń wo àwòrán, wọ́n ń fo ọ̀rọ̀. Harry Potter ńkọ́? Ìwé méje ni, àwọn tó kẹ́yìn sì nípọn ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kó dúró ná.

Bí mo ṣe ń tò wọ́n

| Ìwé | Ọmọ tó bá mu | Ohun tó lè dá a dúró |
|---|---|---|
| Òkédìjí | JSS 2 sókè, tó ń gbọ́ Yorùbá nílé | òwe, ọ̀rọ̀ jàǹdùkú |
| Akínlàdé | ẹni tí Yorùbá rẹ̀ kò jinlẹ̀, ẹni tó fẹ́ràn àlọ́ àpamọ̀ | kò fi bẹ́ẹ̀ pa ni lẹ́rìn-ín |
| *Ogún Ọmọdé* | onítìjú, JSS 1 pàápàá | kò ní ìlépa ọ̀daràn |
| *Ó Le Kú* | JSS 3, tó ti wo fíìmù | ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àgbà |
| Fágúnwà | gbogbo wọn, bí àgbà bá ń kà á sókè | gbólóhùn gígùn, akọtọ́ àtijọ́ |
| *Chike and the River* | ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì | lójú ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó lè jọ ìwé ọmọdé |
| Pacesetters | ọmọ tó dàgbà tí ojú ń tì | ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò |

Bí a ṣe ń fi ìwé lé ọmọ lọ́wọ́

Ìwé tó dára jù lọ lè bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fi fún ọmọ. Èmi fúnra mi ni mo máa ń ka orí àkọ́kọ́ sókè, tohùntohùn, kí ọmọ ti mọ orúkọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kó tó dá wà pẹ̀lú wọn. Mo máa ń dá a dúró síbi tó ti gbóná. Bí ẹnikẹ́ni bá ní "Ẹ máa kà á lọ, ma," ma gbé ìwé náà sórí tábìlì, ma sì jókòó sídìí iṣẹ́ mi.

Ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́ tó. Ẹ má bi í ní ìbéèrè lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni ń ṣe ìdánwò. Bí ó bá ń kà á sókè fún yín tó ṣi ohùn pè, tó pe "ọkọ̀" bí "ọkọ", ẹ dúró kó parí gbólóhùn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni etí rẹ̀ á sọ fún un pé kò lè jẹ́ ọkọ ẹnìkan ni wọ́n wọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, á sì padà tún un ṣe fúnra rẹ̀. Mo ti rí òbí tó ń gbá ọmọ lórí níbi àmì ohùn kọ̀ọ̀kan. Ọmọ náà kò ní fẹ́ rí ìwé mọ́ láyé rẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, mo kórìíra kí ọmọ wo fíìmù kó tó ka ìwé. Mo ti yí ọkàn padà. Fíìmù ti fún un ní ojú àti ohùn àwọn ènìyàn náà, agbára tí ì bá fi wá wọn á wà fún kíka ọ̀rọ̀. Mo kàn máa ń ní kó wá sọ fún mi ohun mẹ́ta tó wà nínú ìwé tí kò sí nínú fíìmù, inú wọn sì máa ń dùn láti gbá fíìmù náà mú.

Ọmọkùnrin tó máa ń tọrọ àyè, *Àjà Ló Lẹrù* ni mo fún un. Ó gba gbogbo táàmù kan. Nígbà tó dá a padà, ẹ̀yìn ìwé ti já, epo pupa ti kán sí ojú ewé tó tó mẹ́wàá, torí pé ìdí ìkòkò ìyá rẹ̀ tó ń ta ẹ̀wà ló ti ń kà á. N kò bá a wí. Ó ní, "Ma, èyí tó kù dà?"

Ní táàmù yìí, ọmọbìnrin kan ti Èkó dé tí kò gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ ṣé" lọ dáadáa. Akínlàdé ni a jọ ń kà, mò ń ka ìpínrọ̀ kan, òun náà ń ka ọ̀kan. A ti dé orí kẹta. Orúkọ tó jù sínú agolo ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá yàtọ̀ sí ti gbogbo kíláàsì, ó sì ní òun ní ẹ̀rí.